Kéèkì Ni Ọ̀gá Bá Ní Yàrá Alárinà

Ẹ̀yin òǹkàwé, bàbá kan wà tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè gbé ife omi mọ́. Ó ń sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti wúwo, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè gbọ́ ìdajì ohun tó ń wí. Wọ́n sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ kọ́ ló ṣe é. Èmi ni mo ṣe bàbá náà bẹ́ẹ̀, láìfi ọwọ́ kàn án.

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán, kí ẹ lè bú mi dáadáa.

Ilé ìwòsàn ńlá kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà. Wọn ò lo fáìlì oníwèé mọ́ níbẹ̀. Oògùn tí aláìsàn ń lò, èyí tó ti lò láàárọ̀, èyí tí ara rẹ̀ kọ̀, ojú kọ̀ǹpútà ni nọ́ọ̀sì ti ń rí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tó gbé àkọsílẹ̀ náà dání bá dákẹ́, gbogbo ilé ìwòsàn di afọ́jú nìyẹn. Iṣẹ́ tèmi ni kó má dákẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀rọ méjì la ní. Ọ̀gá wa, tó fẹ́ràn àwàdà ju oúnjẹ lọ, ló sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ gan-an wà nínú yàrá òtútù, ní òkè pátápátá. Ìyẹn ni Ìyáálé. Èkejì wà ní ọ̀nà jíjìn, ní òpin ìlú. Ó ń ṣe àdàkọ gbogbo ohun tí Ìyáálé bá kọ, kò sì níṣẹ́ mìíràn ju kó máa dúró de ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe Ìyáálé. Ìyẹn ni Ìyàwó.

Ẹ̀rọ kékeré kẹta tún wà, tí kò ju páálí bàtà lọ. Alárinà la ń pè é.

Iṣẹ́ Alárinà rèé. Bí Ìyàwó ò bá gbúròó Ìyáálé mọ́, kò gbọdọ̀ kàn fò dìde kó ní òun ti jogún ilé. Ó lè jẹ́ wáyà àárín wọn ló já, kí Ìyáálé ṣì wà láàyè níbi tó wà, kó ṣì máa ṣiṣẹ́. Bí àwọn méjèèjì bá ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ọ̀sì kan á kọ ọ́ sí ti Ìyáálé pé òun ti gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, nọ́ọ̀sì kejì á wo ti Ìyàwó, kò ní rí i, á sì tún un gún. Torí náà, Ìyàwó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi Alárinà pé, "Ṣé ìwọ ń gbọ́ Ìyáálé?" Bí Alárinà bá ní òun náà ò gbọ́ ọ, Ìyàwó á dìde kíá. Ṣùgbọ́n bí Ìyàwó ò bá gbọ́ Ìyáálé, tí kò tún gbọ́ Alárinà, á gbà pé òun gan-an ni wáyà já mọ́ lẹ́sẹ̀. Á jókòó jẹ́ẹ́.

"Ìdí nìyẹn tí Alárinà ò fi gbọdọ̀ bá èyíkéyìí nínú wọn gbélé," Ọ̀gá máa ń wí. "Alárinà tó ń sùn sí yàrá ìyáálé, ọjọ́ tí ilé bá jó, òun náà á jóná mọ́ ọn. Ta ló máa wá jẹ́rìí?"

A máa ń rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an máa ń rẹ́rìn-ín.

Alárinà ní yàrá tirẹ̀, nínú ilé àtijọ́ kan tó jẹ́ ti ilé ìwòsàn, ní òdì kejì títì. Yàrá kékeré ni. Tábìlì gbọọrọ kan, fèrèsé kan, ẹ̀rọ amúlétutù tí kì í sinmi, àti iná tí kì í lọ nítorí bátìrì ńláńlá tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹsẹ̀ ń dun Ọ̀gá, kì í fẹ́ rìn, kì í fẹ́ gòkè, nítorí náà èmi nìkan ni mo ń wọ yàrá yẹn, èmi náà ni mo ń wọ yàrá òtútù.

Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé àtijọ́ náà ni Bàbá Géètì. Bó ti wù kó mọ̀ ọ́ tó, bí o bá ti kan irin rẹ̀, á kọ́kọ́ kígbe látinú: "Ta ló wà ní géètì?" Ìbáà ṣe olórí ilé ìwòsàn pátápátá, á dáhùn kí bàbá tó ṣílẹ̀kùn. Ìgbà míì á ti máa wò mí láti ojú ihò, á sì tún bi mí.

"Èmi ni, bàbá."

"Èmi ta ni? Èmi pọ̀ láyé."

"Èmi Ìyá Kọ̀ǹpútà."

"Ẹ̀ẹ̀n. Ó yẹ kí o ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀."

Mo ní àbúrò obìnrin kan, èmi pẹ̀lú rẹ̀ nìkan ni ìyá wa bí. Kéèkì ló ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ṣùgbọ́n yàrá kan lábẹ́ páànù ló ti ń ṣe é, bọ́tà àti ṣúgà tí ó fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ kéèkì kì í sì í fara da ooru. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó kan, kéèkì alájà mẹ́ta tó gbé lọ dẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ó sì wó lulẹ̀ lójú àlejò. Àwọn èèyàn ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ káàkiri.

Ó wá sílé mi, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Gbogbo àwọn tó ti gbé iṣẹ́ fún mi ló ń pè pé àwọn ò ṣe mọ́."

"Rọra. Ooru ló fà á, kì í ṣe ìwọ."

"Ta ló fẹ́ gbọ́ ti ooru? Yàrá tútù ni mo nílò, ibi tí iná ò ti ní í lọ. Níbo ni mo ti fẹ́ rí i?"

Ẹnu mi dákẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ti sọdá títì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dúró nínú yàrá Alárinà, mo ń wò yíká. Tábìlì gbọọrọ, igun kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ náà gbà lórí rẹ̀. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn. Ó wá dà bí ìwà ìkà lójú mi pé kí ohun tí kò ju páálí bàtà lọ máa nìkan jẹ irú ìgbádùn yìí, kí ọmọ ìyá mi máa sunkún nínú ooru.

Àánú ni mo pè é. Ẹ̀yin ará, ó rọrùn láti fi ohun olóhun ṣàánú.

"Ọ̀sẹ̀ méjì péré," mo sọ fún un nígbà tí mo na kọ́kọ́rọ́ sí i. "Má ṣe fọwọ́ kan ohun tó ń ṣẹ́jú ní igun yẹn."

"Ṣé ó ń jẹni ni?"

"Kì í jẹni. Òun ló ń jẹ́ kí n jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí kéèkì ti wó. Inú mi dùn, mo rí ara mi bí ẹ̀gbọ́n gidi.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọlé, Bàbá Géètì pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìyá Kọ̀ǹpútà, ta lọmọ tó ń gbé àpò wọlé yìí?"

"Àbúrò mi ni, bàbá. Ó ń bá mi tún yàrá ṣe."

Bàbá wo àpò náà, ó tún wò mí. "Ìyẹ̀fun ni wọ́n fi ń nu kọ̀ǹpútà báyìí?"

Kí n tó lanu, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Mi ò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ojú tí kò rí nǹkan, ẹnu rẹ̀ máa ń gbẹ o."

Láti ọjọ́ náà, etí kéèkì tí àbúrò mi bá gé kúrò, ti Bàbá Géètì ni. Bí mo bá ti dáhùn ní géètì, ìbéèrè kejì rẹ̀ ni, "Kéèkì dà?" Mo fẹ́ràn bàbá yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù, oṣù di oṣù mìíràn. Orúkọ àbúrò mi tún là. Kò sì sí ohun tó ṣe Alárinà, àfi ìgbà tí ṣúgà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é.

Ẹ mọ ṣúgà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń kù sórí kéèkì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fúyẹ́ ju eruku lọ. Fáànù Alárinà ń fà á símú lójoojúmọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fóònù mi dún: Alárinà ní ara òun ń gbóná. Mo sáré lọ tú u. Inú rẹ̀ funfun bí ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, fáànù rẹ̀ ò lè yí mọ́. Mo nù ún, mo fẹ́ ẹ, ó yí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Mo sọ fún àbúrò mi pé, "Wàá ní láti kó jáde."

"Ẹ̀gbọ́n mi! Mo ti gba iṣẹ́ títí di ìparí ọdún. Níbo lẹ fẹ́ kí n gbà?"

"Ọ̀gá mi máa mọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé nǹkan kékeré yẹn sí ibòmíràn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ni gbogbo ẹ̀?"

Èmi kọ́ ni mo ni ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí mi.

Mo yọ Alárinà kúrò lára wáyà, mo sọ ọ́ sínú báàgì ọwọ́ mi bí ẹni gbé oúnjẹ ọ̀sán, mo sọdá títì, mo gòkè lọ sí yàrá òtútù. Mo gbé e sí abẹ́ Ìyáálé gan-an, mo tún wáyà rẹ̀ so. Mo ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ní ojú kọ̀ǹpútà Ọ̀gá, iná àwọ̀ ewé ṣì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Alárinà. Kò sí ohun tó lè sọ fún un pé alárinà ti kó lọ bá ìyáálé.

Ẹ̀rù ìdánwò ló ń bà mí. Lóṣooṣù, Ọ̀gá máa ń ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa Ìyáálé fúnra rẹ̀, láti wò ó bóyá Ìyàwó máa dìde. Lọ́jọ́ ìdánwò tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, mo dúró sẹ́yìn àga Ọ̀gá. Ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì. Ìyáálé dákẹ́. Ìyàwó bi Alárinà, Alárinà láti abẹ́ Ìyáálé ní òun ò gbọ́ ọ, Ìyàwó sì dìde wọ̀ọ̀.

"Ilé tó létò!" Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. Ó dárúkọ mi níwájú àwọn àgbà ilé ìwòsàn, pé bí gbogbo òṣìṣẹ́ bá rí bí tèmi, òun á máa sùn fọnfọn.

Ìyìn yẹn ló pa mí. Ìyáálé nìkan la máa ń pa. A ò pa gbogbo yàrá rí. Kí n má parọ́, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn yéé rò ó ni.

Nígbà tó yá, Bàbá Géètì ṣàìsàn. Egbò ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ fojú di, ó wá di ibà, wọ́n sì gbà á sí wọ́ọ̀dù ní ilé ìwòsàn wa. Mo fi bébà wé kéèkì lọ kí i láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí mo ṣe fa kọ́tìnì bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ojú rẹ̀ ti lọ sínú, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́: "Ta ló wà ní géètì?"

"Èmi Ìyá Kọ̀ǹpútà."

"Kéèkì dà?"

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ojú kọ̀ǹpútà hàn mí. "Ẹ bá wa kí i dáadáa o. Abẹ́rẹ́ tí gbogbo èèyàn ń gbà fún irú egbò yìí, ara tirẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà kan. Ẹ wo àmì pupa yìí. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ orúkọ abẹ́rẹ́ ọ̀hún, ó ní gbogbo abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ ni."

Mo wo àmì náà, ó pupa fòò. Mo tilẹ̀ gbéraga díẹ̀ nínú ọkàn mi pé iṣẹ́ wa ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, páìpù omi àtijọ́ kan bẹ́ lókè àjà yàrá òtútù.

Ariwo ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kí n tó dé àtẹ̀gùn, oníná ilé ìwòsàn ti pa iná gbogbo òkè, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Omi ń ṣàn jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ jẹ́ kí n yọjú wò ó," mo bẹ̀ ẹ́.

"Kí n gbé òkú yín jáde? Ẹ̀rọ yín ní bátìrì tirẹ̀ níbẹ̀. Omi àti iná ò ṣe é bá ṣeré. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i."

Mo sáré padà sídìí kọ̀ǹpútà mi. Ìyáálé: pupa. Alárinà: pupa. Lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyàwó ń bẹ ní òpin ìlú, ara rẹ̀ le koko, gbogbo àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọ́ Ìyáálé, kò gbọ́ Alárinà. Ó sì jókòó jẹ́ẹ́, bí a ṣe kọ́ ọ.



Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, kí a fi ọwọ́ gbé Ìyàwó dìde. Ṣùgbọ́n èèyàn kan kò lè dá a ṣe. Pásíwọ́ọ̀dù méjì ló gbà, tèmi àti ti Ọ̀gá. Ọ̀gá sì wà nínú mọ́tò, ó ń bọ̀ láti ìpàdé kan. Fóònù mi dún. Òun ni.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Sà, omi wọ yàrá òtútù. Ẹ jẹ́ ká gbé Ìyàwó dìde."

"Ṣé o fojú rí i pé Ìyáálé ti kú?"

"Oníná ò jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn, sà."

"Ó ní bátìrì. Ó lè ṣì máa ṣiṣẹ́ fún àwọn wọ́ọ̀dù kan. Alárinà ńkọ́? Kí ló wí?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibẹ̀ ni. Bí mo bá ní, "Sà, Alárinà wà nínú omi pẹ̀lú Ìyáálé, èmi ni mo gbé e síbẹ̀," Ọ̀gá á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé yàrá náà ló lọ, pé kò sí ohun tó ṣe wáyà Ìyàwó. Á tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ nínú mọ́tò. Gbólóhùn kan péré ni.

"Kò dáhùn, sà," ni mo sọ.

"Kò dáhùn? Alárinà tó wà ní òdì kejì títì, tí omi ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? A jẹ́ pé wáyà ló já, Ìyàwó ló dá wà. Má fọwọ́ kàn án o! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì? Lọ wo Alárinà, kí o pè mí."

"Ó dáa, sà."

Mo gé fóònù. Ó tún dún lọ́wọ́ mi. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ti àárọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ojú kọ̀ǹpútà wa ṣófo. Mo ní aláìsàn tí ibà rẹ̀ ń ga sí i, dókítà ti kọ abẹ́rẹ́ fún un, mo sì fẹ́ wo àkọsílẹ̀ rẹ̀ ná. Ṣé kí n dúró?"

"Ẹ dúró díẹ̀. Ó ń bọ̀ báyìí."

Mi ò bi í pé aláìsàn wo. Ẹ gbọ́, mi ò bi í.

Mo sáré sọdá títì. Ọmọkùnrin tó ń dipò Bàbá Géètì ṣílẹ̀kùn fún mi láìbi mí léèrè ohunkóhun. Àbúrò mi wà nídìí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbọ̀nwọ́. Kéèkì alájà mẹ́rin kan dúró níwájú rẹ̀, òdòdó ṣúgà ló kù tó ń tò sórí rẹ̀.

"Gbé e kúrò!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì gbẹ! Bí a bá gbé e báyìí..."

"Mo ní gbé e! Ọ̀gá mi ń bọ̀!"

"Ká gbé e lọ síbo?"

Òtítọ́ ni, kò síbi kankan. A jọ di àwo rẹ̀ mú, a fẹ́ gbé e gba ẹnu ọ̀nà, kò gbà. A yí i sí ẹ̀gbẹ́. Fóònù mi ń dún nínú àpò mi, nọ́ọ̀sì ni, ọwọ́ mi sì kún fún kéèkì. Ó dún, ó dákẹ́. Ó tún dún, ó tún dákẹ́. Mo ń fi ilé ìwòsàn odindi sílẹ̀ lójú òkùnkùn, mo ń gbìyànjú láti fi kéèkì pamọ́.

Ọ̀gá wọlé bá wa bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó fà á wá.

Ó wo kéèkì. Ó wo àbúrò mi, tó kúnlẹ̀ láìmọ ohun tó ṣe. Ó wo wáyà tó rọ̀ dìrọ̀dìrọ̀ lára ògiri, tí kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀.

"Alárinà dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ Ìyáálé, sà."

"Lábẹ́ omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó jókòó lórí àpò ìyẹ̀fun, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí itan, ó tẹ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó yí i sọ́dọ̀ mi. "Tẹ tìrẹ." Mo tẹ̀ ẹ́, ṣúgà ọwọ́ mi lẹ̀ mọ́ bọ́tìnnì. Ìyàwó dìde kí n tó gbé ìka kúrò. Ó yá tó bẹ́ẹ̀.

Fóònù mi tún dún. Mo gbé e báyìí.

"Ó ti dé," nọ́ọ̀sì wí. "Àkọsílẹ̀ ti dé. Mo ń rí àmì pupa kan níbí. Mo dúró, mo pè yín, ẹ ò gbé e. Dókítà ní ibà yẹn ò lè dúró mọ́. A ti gún un. A ti gún bàbá náà."

Mo mọ bàbá tó ń wí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò mi.

Ọ̀fun Bàbá Géètì wú, èémí rẹ̀ dáwọ́ dúró. Wọ́n sáré sí i, wọ́n gbà á padà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbà á, nǹkan ti ṣe ọpọlọ rẹ̀. Ó di ẹni tó ń gbé nílé ọmọbìnrin rẹ̀, tí wọ́n ń bọ́ bí ọmọdé.

Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́, ó tọ́ sí mi. Kí n tó kó ẹrù mi, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀gá. Kò pariwo. Ó sàn kó pariwo.

"Yàrá, mo lè dárí ẹ̀ jì ọ́," ó wí. "Kéèkì gan-an, bóyá lọ́jọ́ kan màá fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo bi ọ́ léèrè lórí fóònù. Mo bi ọ́. Ẹ̀rọ tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó mọ̀ pé òun ò gbọ́, ó jókòó jẹ́ẹ́. Ìwọ tó o mọ òtítọ́, kí lo sọ fún mi?"

Mo dìde, mo lọ kó ẹrù mi. Títí dòní mi ò tíì rí èsì ìbéèrè yẹn.

Àbúrò mi ò ṣe kéèkì mọ́. Ó ń bẹ̀ mí lójoojúmọ́ pé kí n dárí ji òun, bẹ́ẹ̀ èmi ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́, torí kò mọ ohun tó ń ṣẹ́jú ní igun yẹn. Mo gbé ẹ̀bi lé e lórí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo Bàbá Géètì. Mo máa ń ra èso, mo máa ń ra ọṣẹ àti aṣọ ìnura. Ọmọbìnrin rẹ̀, olùkọ́ ni, máa ń dì mọ́ mi. "Àǹtí, nínú gbogbo ará ilé ìwòsàn, ẹ̀yin nìkan lẹ ń rántí wa. Ọlọ́run á san án fún yín." Ṣe ni àdúrà yẹn ń jó mi lára bí ata.

Géètì kékeré kan wà níwájú ilé náà. Bí mo bá ti kàn án, bàbá á kígbe láti orí àga rẹ̀ lójú fèrèsé. Gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù ti wúwo lẹ́nu rẹ̀, àfi èyí, ó ṣì mọ́ gaara: "Ta ló wà ní géètì?"

Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ohun kan, ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀yin lẹ ni ín. Bí ẹ bá sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, ẹ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ bi yín. Ìgbà yẹn ló ṣì wúlò fún ẹlòmíràn. Èyí tí mo sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá yìí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni àfi èmi, bóyá èmi náà gan-an kò rí èrè rẹ̀.

Mo sọ ọ́ fún ọmọbìnrin náà lẹ́nu géètì, kí n tó wọlé, torí mo mọ̀ pé bí mo bá ti jókòó, ẹnu mi á tún wúwo.

"Wọ́n sọ fún yín pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ kọ́. Èmi ni."

Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Yàrá, kéèkì, báàgì ọwọ́, fóònù tí mi ò gbé. Kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, ó gba báàgì èso lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó sì rọra dá a padà sí mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ti géètì, ó sì fi irin há a.

Bàbá gbọ́ ìró irin náà láti ojú fèrèsé.

"Ta ló wà ní géètì?"

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú èso lọ́wọ́. Mo lanu láti dáhùn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń dáhùn.

Ọmọbìnrin náà ń wò mí lójú láti àárín irin. "Kò sí ẹnì kankan, bàbá," ó wí. Ó yí padà, ó wọlé lọ.